Grace Hopper: Akẹ́kọ̀ọ́ Tí Ó Kọ Ìwé Tí Kò Rí Kà

Ìlú New York ní Amẹ́ríkà ni a ti bí Grace Hopper ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá, ọdún 1906. Ọmọ ọdún 7 ni nígbà tí ó tú aago méje ká nílé, kí ó lè mọ ohun tí ń mú wọn ṣiṣẹ́. Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ìṣirò ní Yale ní 1934.

Lásìkò Ogun Àgbáyé Kejì, ó wọ iṣẹ́ ológun ojú omi. Ní 1944, wọ́n rán an lọ sí Harvard, sídìí ẹ̀rọ ìṣirò ńlá kan, Mark I. Kò sí ìwé ìtọ́sọ́nà tó péye tí àlejò lè ṣí wò. Ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀dọ́ ológun méjì tó ti wà níbẹ̀ ni ọ̀mọ̀wé yìí ti kọ́ bí a ti ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ. Àṣẹ tó bá ti ṣiṣẹ́, wọn a dà á kọ sínú ìwé àkọsílẹ̀ wọn, kí wọ́n má baà tún un ronú. Aiken, ọ̀gá wọn, wá ní kí Hopper kọ ìwé ìtọ́sọ́nà náà. Ó jáde ní 1946, ó sì lé ní ojú ìwé 500.

Hopper gbà pé irinṣẹ́ tó yẹ onímọ̀ ìṣirò lè má yẹ akọ̀wé tí ń ṣírò owó oṣù. Nítorí náà ni ó ṣe ṣe FLOW-MATIC, èdè kọ̀ǹpútà tí ń lo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lásán, bí ọ̀pọ̀ tilẹ̀ sọ pé kò lè ṣeé ṣe. Lára rẹ̀ ni COBOL ti jáde. Hopper kú ní 1992. COBOL ṣì ń ṣiṣẹ́ ní àwọn báńkì.