NANA ASMA'U, OLÙKỌ́ ÀWỌN OBÌNRIN SÓKÓTÓ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábà rẹ̀.

Ẹ̀yin ìránṣẹ́ Ọlọ́hun, àwọn kan nínú wa a máa rán ọmọkùnrin lọ sí ilé-kéwú àti ilé-ìwé, wọn a sì dá ọmọbìnrin dúró sílé tàbí sídìí ọjà, bí ẹni pé ẹ̀sìn ni ó pa á láṣẹ. Nítorí náà ni a ó ṣe gbé ìtàn Nana Asma'u yẹ̀ wò lónìí.

Ní ọdún 1793, ní Degel ní ilẹ̀ Gobir, ni wọ́n bí ìbejì fún Ṣéù Usman Danfodio, ọkùnrin kan àti obìnrin kan. Ọkùnrin ń jẹ́ Hassan, gẹ́gẹ́ bí àwọn Hausa ti ń sọ ìbejì. Ṣùgbọ́n Ṣéù kò fún obìnrin ní orúkọ ìbejì. Asma'u ni ó sọ ọ́, orúkọ ọmọ Abu Bakr tí ó gbé oúnjẹ lọ fún Ànábì nínú ihò àpáta nígbà híjírà.

Ṣéù a máa bá àwọn àáfà wí gidigidi, àwọn tí ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní kéwú tí wọ́n sì fi ìyàwó àti ọmọbìnrin tiwọn sílẹ̀ láìmọ̀kan. Nínú ilé tirẹ̀, àwọn obìnrin kàwé. Khadija, ẹ̀gbọ́n Asma'u, túmọ̀ ìwé òfin Mukhtasar sí èdè Fúlàní. Asma'u há Àlùkùránì sórí, ó sì ń kọ ewì ní èdè Lárúbáwá, Fúlàní àti Hausa. Ogun lé wọn kúrò ní Degel ní 1804. Ní 1807 ó fẹ́ Gidado, ẹni tí ó di Wàsírì Sókótó. Ó tọ́ ọmọ, ó bójú tó agbo ilé ńlá, kálàmù kò sì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí ogun rọlẹ̀, abúlé kún fún àwọn obìnrin tí ogun ni ó mú wọn wọ ẹ̀sìn, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ àlùwàlá, kí a má ì tí ì sọ ìrun kíkí. Ìyá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ kò sì lè fi ilé sílẹ̀ wá kẹ́kọ̀ọ́ ní Sókótó. Ní nǹkan bí ọdún 1830, Asma'u dá ẹgbẹ́ 'Yan Taru sílẹ̀. Ó wo àwọn tí ó ṣeé ṣe fún láti rìnrìn àjò: ọmọdébìnrin tí kò tí ì lọ́kọ, àti ìyá àgbà tí ó ti kọjá ọjọ́ orí ọmọ bíbí. Ó so wọ́n pọ̀. Ìyá àgbà ni jaji, aṣáájú. Òun ni yóò kó àwọn ọmọdébìnrin wá sí Sókótó. Wọn a há ewì ẹ̀kọ́ sórí, nítorí ẹni tí kò mọ ìwé kà lè kọ ọ́ lórin. Wọn a sì padà lọ kọ́ àwọn tí ó wà nílé. Bí ìbéèrè bá ṣẹ́kù, wọn a gbé e padà tọ Asma'u wá.

Ó dé jaji ní akẹtẹ̀ ńlá tí wọ́n ń pè ní malfa, ó wé aṣọ pupa mọ́ ọn. Ẹni tí ó bá rí akẹtẹ̀ náà lójú ọ̀nà mọ̀ pé olùkọ́ ni ó ń kọjá. Ọmọdébìnrin tí ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn náà mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin ìyá wa ní Adó-Èkìtì, tíṣà àti nọ́ọ̀sì tí ẹ ti fẹ̀yìn tì, ta ni ń tẹ̀ lé yín lẹ́yìn?

Asma'u jáde láyé ní ọdún 1864. Maryam, àbúrò rẹ̀, gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹgbẹ́ 'Yan Taru kò sì kú. Kí Ọlọ́hun tẹ́ ibojì rẹ̀ sí rere.