Ẹ̀fẹ̀ Fẹlá Kì Í Ṣe Àwàdà Lásán
Ẹ̀yin èèyàn mi, bí mo bá ti ń kọjá ní Pepple n'Íkẹjà, Fẹlá Aníkúlápó-Kútì ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Abẹ́òkúta ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1938. Àwọn lámèyítọ́ kan ń pe ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ ní àwàdà. Yabis lòun ń pè é. Nínú orin Zombie, ó fi àwọn sójà ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́jọ́ 18, oṣù Kejì, ọdún 1977, wọ́n dáná sunlé ẹ̀ ní Agege Motor Road, wọ́n ju ìyá ẹ̀ láti ojú fèrèsé. Ìyá kú lọ́dún 1978. Fẹlá ò dákẹ́ títí tó fi kú lọ́dún 1997. Íkẹjà ni wọ́n sin ín sí. Ẹ̀fẹ̀ téèyàn torí ẹ̀ pàdánù ilé àtìyá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé àwàdà nìyẹn?