Andrew Common: Oníṣẹ́ páìpù tó ya fọ́tò ìkùukùu ojú ọ̀run láti ẹ̀yìnkùlé rẹ̀

Bí ilẹ̀ bá ṣú ní Jonquet, nílùú Kútọnu, iná ilé ọtí, iná ṣọ́ọ̀bù àti iná zémidjan máa ń mọ́lẹ̀ débi pé ìràwọ̀ tí èèyàn lè rí lójú ọ̀run kò pọ̀. Ṣùgbọ́n láti oṣù Kejìlá títí di oṣù Kẹta, mẹ́ta kan wà tó tò tẹ̀léra wọn bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sórí okùn kan. Ní abúlé tí kò sí iná, ẹni tí ojú rẹ̀ mú yóò rí i pé nítòsí àwọn mẹ́ta yìí, ohun kan wà tó ń tàn bàìbàì, bí èéfín tó dúró sójú kan. Orion Nebula ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ìkùukùu ni, afẹ́fẹ́ àti eruku tó kóra jọ, níbi tí wọ́n ti ń bí àwọn ìràwọ̀ tuntun. Ó jìnnà débi pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń rin ìrìn bí ọdún 1,300 kí ó tó kàn wá lójú.

Lónìí, a fẹ́ sọ ìtàn ọkùnrin kan tó ya fọ́tò ìkùukùu yìí láti ẹ̀yìnkùlé ilé rẹ̀, tí fọ́tò náà sì ya àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ayé lẹ́nu. Kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Iṣẹ́ páìpù omi àti gọ́tà ló fi ń jẹun. Orúkọ rẹ̀ ni Andrew Ainslie Common.

Ọjọ́ 7, oṣù Kẹjọ, ọdún 1841 ni wọ́n bí i nílùú Newcastle, lápá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Dókítà oníṣẹ́ abẹ ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá náà kú nígbà tí ọmọ ṣì kéré. Ẹni tí bàbá rẹ̀ bá kú ní kékeré mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: ó di dandan kí ó tètè wá iṣẹ́ ṣe. Síbẹ̀, ohun kan ti wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Nígbà tó jẹ́ ọmọ nǹkan bí ọdún 10, ìyá rẹ̀ lọ yá awò awọ̀nàjíjìn lọ́wọ́ dókítà kan fún un kí ó lè máa fi wo ojú ọ̀run. Awò náà padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín, ṣùgbọ́n ìfẹ́ rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn ọmọ náà.

Ó lé ní 20 ọdún kí ó tó lágbára láti ra tirẹ̀. Láàárín ìgbà náà, ó ń bá mọ̀lẹ́bí rẹ̀ kan ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ Matthew Hall nílùú London, àwọn tó ń ṣe páìpù omi, balùwẹ̀ àti ọ̀nà omi ìdọ̀tí sínú ilé. Ó fẹ́yàwó, ó bímọ, iṣẹ́ ń lọ dáadáa. Nígbà tó lé ní ọmọ 30 ọdún ló tó ra awò kékeré kan. Lẹ́yìn náà ló kó lọ sí Ealing, lẹ́bàá London, sí ilé tó ní ẹ̀yìnkùlé. Lọ́sàn-án, ó wà lẹ́nu iṣẹ́. Lóru, ó wà lẹ́yìn ilé.

Kí ọ̀rọ̀ lè yé wa, ẹ jẹ́ ká fi òjò ṣe àpèjúwe. Bí òjò bá ń kán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ẹni tó gbé ife síta kò ní rí omi tó ẹni tó gbé agbada síta. Bẹ́ẹ̀ náà ni awò ojú ọ̀run ṣe rí. Dígí tó wà nínú rẹ̀ ni agbada, ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ sì ni òjò. Common kọ́kọ́ lo dígí tó fẹ̀ ní íǹṣì 18, kò tó o. Ó ní kí George Calver, ọ̀gá nínú iṣẹ́ dígí, ṣe èyí tó fẹ̀ ní íǹṣì 36 fún un, ìyẹn nǹkan bí ìbú ẹnu ọ̀nà yàrá. Ní ọdún 1879, ó gbé e kalẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé. Òun fúnra rẹ̀ ló ronú bí irin tó gbé dígí náà dúró yóò ṣe rí, ó sì fi mẹ́kúrì olómi sábẹ́ rẹ̀ kí ẹrù wúwo náà lè máa yí wọ́ọ́rọ́wọ́, láìgbọ̀n.

Kí ló dé tí kò fi gbọdọ̀ gbọ̀n? Ilẹ̀ ayé tí a dúró lé ń yí, ìdí nìyẹn tí ìràwọ̀ fi ń ti ìlà oòrùn lọ sí ìwọ̀ oòrùn bí òru ṣe ń lọ. Bí awò kò bá bá ìràwọ̀ rìn ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, fọ́tò yóò di ìlà gbọọrọ dípò ojú kan. Ẹ̀rọ bíi ti aago ló ń wa awò náà, Common sì ń ṣọ́ ọ nínú òtútù, kí ó má baà yẹ̀ díẹ̀.

Kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ gbìyànjú. Henry Draper, dókítà ará Amẹ́ríkà, ló kọ́kọ́ ya fọ́tò ìkùukùu yìí ní oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1880. Òun náà kì í ṣe é fún owó. Ó tún ya òmíràn tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ ní 1882, ṣùgbọ́n ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, ikú mú un lọ ní ọmọ ọdún 45.

Ní alẹ́ ọjọ́ 30, oṣù Kínní, ọdún 1883, Common ṣí ojú awò rẹ̀ sí ìkùukùu náà fún ìṣẹ́jú 37. Nígbà tó fọ fọ́tò náà, ìkùukùu hàn pẹ̀lú gbogbo ìṣẹ́po rẹ̀. Èyí tó jọni lójú jù ni pé àwọn ìràwọ̀ kan wà nínú fọ́tò tí ojú èèyàn kò lè rí nínú awò kan náà.

Ojú wa dà bí ẹni tó ń da omi agbada nù kí ó tó kún: ìmọ́lẹ̀ kì í pẹ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n dígí fọ́tò tí wọ́n fi oògùn pa lára kì í da ohunkóhun nù. Ohun tó bá kán sí i ní ìṣẹ́jú kìn-ín-ní ṣì wà níbẹ̀ ní ìṣẹ́jú kẹtàdínlógójì. Ó lé ní 200 ọdún tí àwọn èèyàn ti ń fi ọwọ́ ya àwòrán ìkùukùu yìí, tí àwòrán ẹnì kan kì í jọ ti ẹlòmíràn. Láti ìgbà náà lọ, fọ́tò di ẹlẹ́rìí tí kì í gbàgbé. Ní 1884, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Royal Astronomical Society, fún oníṣẹ́ páìpù náà ní àmì ẹ̀yẹ oníwúrà. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, wọ́n fi í ṣe ààrẹ wọn.

Ṣùgbọ́n a kò ní jẹ́ olóòótọ́ bí a bá dákẹ́ síbi adùn. Common fẹ́ agbada tó tún tóbi jù. Ní 1885, ó ta awò oníǹṣì 36 fún ọlọ́rọ̀ kan tó ń jẹ́ Edward Crossley, ó sì dojú kọ dígí oníǹṣì 60, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ lọ̀. Èyí àkọ́kọ́ kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, torí ìràwọ̀ kò rí roboto nínú rẹ̀. Ó tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ọ̀pọ̀ ọdún lọ sórí iṣẹ́ náà, àmọ́ awò ńlá yìí kò fún un ní irú fọ́tò tí ti àkọ́kọ́ fún un. Nígbẹ̀yìn, ó yí ọwọ́ padà sí ṣíṣe awò tí àwọn ológun fi ń wo ibi tí wọ́n fẹ́ yìnbọn sí. Ọjọ́ 2, oṣù Kẹfà, ọdún 1903 ló kú lójijì nílé rẹ̀ ní Ealing.

Èyí tó tà ńkọ́? Ní 1895, Crossley fi í ta ibùdó Lick lọ́rẹ, lórí òkè kan ní California. Láti 1898, James Keeler fi ya fọ́tò àwọn ìkùukùu kéékèèké, ó sì rí i pé àìmọye wọn ló lọ́ bí ìkarahun ìgbín. Lẹ́yìn ikú Keeler ni ayé tó mọ̀ pé irú àwọn yẹn kì í ṣe ìkùukùu rárá: agbo ìràwọ̀ ńlá ni wọ́n, bí èyí tí àwa fúnra wa wà nínú rẹ̀. Dígí tó ti ẹ̀yìnkùlé Ealing jáde ló ṣí ìlẹ̀kùn yẹn, lọ́wọ́ ẹlòmíràn, lórúkọ ẹlòmíràn. Crossley ni wọ́n ń pe awò náà títí dòní.

Àwa tó ń ná ọjà mọ̀ pé ọjà tí a tètè tà lè di èrè ńlá lọ́wọ́ ẹni tó rà á. Ó dun ẹni tó tà á, ṣùgbọ́n ọjà náà kò ṣòfò.

Bí wọ́n bá tún mú iná lọ ní Jonquet lálẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Kínní, ẹ bọ́ síta, kí ẹ wá àwọn ìràwọ̀ mẹ́ta náà. Ẹni tí fóònù rẹ̀ ń ya fọ́tò òru, kí ó gbé e ti ohun tó dúró gbọn-in, kí ó má fọwọ́ kàn án fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Yóò rí ìràwọ̀ tí ojú rẹ̀ kò rí. Ọgbọ́n oníṣẹ́ páìpù Ealing náà nìyẹn.