Moustapha Alassane

Moustapha Alassane (1942 – ọjọ́ 17 oṣù kẹta ọdún 2015) jẹ́ olùdarí fíìmù ọmọ orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀r, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fíìmù àwòrán tí ń rìn ní ìhà gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà. Ọ̀pọ̀lọ́ àti ọmọlangidi ni ó sọ ọ́ di olókìkí. Ó fi àwọn ẹ̀dá kéékèèké wọ̀nyí sọ̀rọ̀ nípa agbára, ẹ̀tàn àti ikú.

Ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀

Iṣẹ́ mẹkáníìkì ni Alassane kọ́. Kí ó tó rí kámẹ́rà dì mú, ó ti ń ya àwòrán, tí ó sì ń fi iná tàn wọ́n sí ara ògiri kí àwọn ará àdúgbò lè rí ohun wò. Jean Rouch, olùdarí fíìmù ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ó ṣiṣẹ́ púpọ̀ ní Niamey, rí ẹ̀bùn rẹ̀, ó sì ṣètò bí ó ṣe dé Kánádà. Níbẹ̀ ni Norman McLaren ti kọ́ ọ ní ọ̀nà tí a ń gbà mú kí àwòrán máa rìn. Ní ọdún 1962 ni ó ṣe Aouré, fíìmù kúkúrú nípa ìgbéyàwó láàárín àwọn Zarma. Ọwọ́ mẹkáníìkì kò sì fi í sílẹ̀, nítorí òun fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe àwọn ọmọlangidi rẹ̀.

Àwọn ọ̀pọ̀lọ́

La mort de Gandji (1965) gbé wa lọ sí ààfin ọba ọ̀pọ̀lọ́ kan tí àwọn apọ́nnilé yí ká. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni Bon voyage Sim jáde, fíìmù tí kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 5 lọ. Sim, ààrẹ orílẹ̀-èdè àwọn ọ̀pọ̀lọ́, lọ kí ààrẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ òkèèrè, wọ́n sì fi ayẹyẹ gbà á. Nígbà tí ó padà dé, àwọn ènìyàn rẹ̀ ti kọ̀ ọ́. Oṣù kejì ọdún 1966 yìí kan náà ni àwọn ológun gba ìjọba lọ́wọ́ Kwame Nkrumah ní Gánà nígbà tí ó wà lẹ́nu ìrìn àjò sí Éṣíà. Èyí kò tó láti fi sọ pé Nkrumah ni Sim. Àrokò tí ó bá ń tọ́ka sí ẹnì kan ṣoṣo kì í pẹ́ gbó, ti Sim kò sì tíì gbó.

Ẹni tí ó ti gbọ́ àlọ́ Ìjàpá lè rò pé irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ ni Sim, ṣùgbọ́n wọn kò jọra. Ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ni Ìjàpá fi ń gbé ayé. Sim kò ní ọgbọ́n kankan. Ayẹyẹ ni ó gbé e ga, bí afẹ́fẹ́ ṣe ń wú àpò ọ̀fun ọ̀pọ̀lọ́, tí ó sì tún ń fọ̀ láìpẹ́.

Samba le Grand

Ní ọdún 1977, Alassane lo ọmọlangidi fún Samba le Grand, tí ó gùn tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 14. Akọni kan tí ń jẹ́ Samba Gana gbà láti ṣe gbogbo ohun tí ọmọ ọba obìnrin kan bá ní kí ó ṣe, kí ó lè fẹ́ ẹ. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ni ó gbé e kà. Bí Leo Frobenius ṣe kọ ìtàn náà sílẹ̀, ọdún mẹ́jọ ni Samba fi bá ejò Odò Ọya jà. Nígbà tí ó ṣẹ́gun tán tí ọmọ ọba tún béèrè ohun mìíràn, ó fi idà gún ara rẹ̀ pa.

Ọ̀nà tí a gbà ṣe irú fíìmù bẹ́ẹ̀ bá ìtàn náà mu. A ó sún ọmọlangidi díẹ̀, a ó ya á, a ó tún sún un. Àwòrán 24 ni ó ń kọjá lójú wa ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà ìṣẹ́jú 14 ju 20,000 lọ. Ojú ọmọlangidi kì í sábà yí padà. Ìmọ́lẹ̀, òjìji àti bí orí ṣe tẹ̀ ni òǹwòran fi ń mọ̀ bóyá ó ń bẹ̀rù tàbí ó ń banú jẹ́. Ọmọlangidi kò sì lè gbẹ́sẹ̀ bí ẹlòmíràn kò bá gbé e fún un. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Samba lábẹ́ àṣẹ ọmọ ọba.

Jiří Trnka ní Czechoslovakia lo àmì yìí kan náà nínú Ruka (1965), níbi tí ọwọ́ ńlá kan ti ń fipá mú amọ̀kòkò kékeré kí ó máa mọ ère ọwọ́. Ìjọba fòfin de fíìmù náà lẹ́yìn ikú Trnka.

Àwọn iṣẹ́ mìíràn àti ikú rẹ̀

Alassane tún fi ènìyàn ṣe eré. Le retour d'un aventurier (1966) fi àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n wọ aṣọ kọ́bọ́ì ṣe yẹ̀yẹ́. FVVA (1972) dá lórí ìfẹ́ owó, ilé àti ọkọ̀. Toula (1973), tí òun àti Anna Soehring jọ darí, ni ó ṣókùnkùn jù lọ nínú wọn. Wọ́n fi ọmọbìnrin kan rúbọ kí òjò lè rọ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó wá omi lọ sì padà dé nígbà tí ó ti pẹ́ jù. Ọ̀dá ńlá wà ní Sahel gan-an nígbà náà.

Ó darí ẹ̀ka fíìmù ní Yunifásítì Niamey fún ọdún 15. Ní 2001 ó padà sídìí ọmọlangidi pẹ̀lú Kokoa, níbi tí àwọn ẹranko, agẹmọ àti ọ̀pọ̀lọ́ lára wọn, ti ń ja ìjàkadì, eré tí àwọn ará Nìjẹ̀r fẹ́ràn jù lọ. Ilẹ̀ Faransé fi oyè Légion d'honneur dá a lọ́lá ní Cannes ní 2007. Ọdún méjì lẹ́yìn tí ó kú, ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé MoMA ní New York ṣe àfihàn àwọn fíìmù rẹ̀.