Henry Townsend (1815–1886): Láti Etíkun Àgbádárìgì dé Ìdí Ìwé Ìròhìn

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Adájọ́ ni òwe yìí ń bá wí, ṣùgbọ́n ó kan oníròyìn pẹ̀lú, nítorí pé ohun tí a bá kà nípa ìlú tí a kò dé rí ni a fi ń dá ìlú náà lẹ́jọ́. Henry Townsend, òyìnbó ajíhìnrere, ni ó dá ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní ilẹ̀ tí a mọ̀ sí Nàìjíríà lónìí. Ìyìn tọ́ sí i fún èyí. Síbẹ̀, bí a bá tọ ipasẹ̀ ayé rẹ̀, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ ojúsàájú nínú ìròyìn kì í ṣe ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láàárín wa.

Dídé rẹ̀ sí Àgbádárìgì

Ìlú Exeter ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a bí Townsend sí ní ọdún 1815. Ẹgbẹ́ ajíhìnrere C.M.S. rán an lọ sí Sàró láti ṣe iṣẹ́ olùkọ́. Níbẹ̀ ni ó ti bá àwọn ọmọ Yorùbá tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú pàdé. Nígbà tí àwọn wọ̀nyí bẹ̀rẹ̀ sí padà sílé, ẹgbẹ́ náà ní kí Townsend wá wo bí ilẹ̀ ti rí. Ó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní oṣù Kejìlá ọdún 1842. Thomas Birch Freeman, ti Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ti ṣáájú rẹ̀ dé ní oṣù Kẹsàn-án. Àwọn méjèèjì sì jọ ṣe ọdún Kérésìmesì níbẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 1843, Townsend dé Abẹ́òkúta, Ṣódẹkẹ́ sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

Lẹ́yìn tí a fi í joyè àlùfáà ní ọdún 1844, ó padà sí Àgbádárìgì ní oṣù Kìíní ọdún 1845 pẹ̀lú Àjàyí Crowther àti C. A. Gollmer. Ṣódẹkẹ́ ti kú, ogun sì ti dí ọ̀nà Abẹ́òkúta. Nǹkan bí oṣù méjìdínlógún ni wọ́n fi dúró sí etíkun kí Townsend àti Crowther tó wọ Abẹ́òkúta ní ọdún 1846. Gollmer ni ó dúró sí Àgbádárìgì.

Ìròyìn láti etí òkun

Láàárín ìgbà náà, Àgbádárìgì ni ẹnu ọ̀nà tí ìròyìn ilẹ̀ Yorùbá ń gbà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Lẹ́tà àwọn ajíhìnrere ni ọ̀pọ̀ ènìyàn níbẹ̀ fi ń mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 1845, Kòsọ́kọ́ lé Akítóyè kúrò lórí oyè ní Èkó. Nígbà tó yá, Akítóyè wá sá sí Àgbádárìgì. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni àwọn Ẹ̀gbá àti àwọn ajíhìnrere wà, nítorí pé ẹni tó bá di Èkó mú ni ó di ọ̀nà ọjà Ẹ̀gbá sí òkun mú. Kòsọ́kọ́ ni àwọn lẹ́tà wọn fi hàn gẹ́gẹ́ bí olówò ẹrú. Irọ́ kọ́ ni èyí. Ṣùgbọ́n Akítóyè pàápàá ti bá àwọn olówò ẹrú da nǹkan pọ̀ rí, èyí kò sì hàn tó bẹ́ẹ̀ nínú ìròyìn wọn. A kò lè sọ pé lẹ́tà nìkan ló fa ogun, ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, apá kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ àwọn òǹkàwé ní Lọ́ńdọ̀nù ti gbọ́ rí.

Olóòtú tó tún jẹ́ olùdámọ̀ràn

Ní ọdún 1854, Townsend gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ní ọdún 1859, *Ìwé Ìròhìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá* jáde. Ẹ̀ẹ̀méjì lóṣù ni ó ń jáde, 120 owó ẹyọ sì ni iye rẹ̀. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì kún un ní ọdún 1860. Ìròyìn ìjọ, ìròyìn àwọn ìjòyè, ìròyìn ogun àti ti ọjà òwú wà nínú rẹ̀. Ó mú kí kíkà èdè abínibí wu àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé Townsend kan náà ni ó ń gba àwọn ìjòyè Ẹ̀gbá nímọ̀ràn, òun náà ni ó ń bá wọn kọ lẹ́tà sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1860, Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Kúrunmí ti Ìjàyè, *Ìwé Ìròhìn* sì gbè sẹ́yìn Ẹ̀gbá. Ní Ìbàdàn, David Hinderer àti ìyàwó rẹ̀ Anna, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ C.M.S. kan náà, ń jìyà àìríjẹ nítorí pé ọ̀nà etíkun ti dí. Ojú tí Hinderer fi wo ogun náà yàtọ̀ gédégbé sí ti Townsend, ṣùgbọ́n kò sí ìwé ìròyìn ní Ìbàdàn.

Ọ̀rọ̀ ọrọ̀-ajé náà kò yàtọ̀. Lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní ọdún 1861, àríyànjiyàn lórí owó-bodè àti ọ̀nà ọjà le láàárín Èkó àti Abẹ́òkúta. Ẹjọ́ Ẹ̀gbá ni *Ìwé Ìròhìn* ń rò, inú àwọn aláṣẹ Èkó kò sì dùn sí i. Ní ọdún 1863, Robert Campbell, ọmọ Jàmáíkà, dá *The Anglo-African* sílẹ̀ ní Èkó. Fún nǹkan bí ọdún méjì tí ìwé náà fi wà, òǹkàwé rí ohùn kejì fi wé ti àkọ́kọ́.

A kò gbọdọ̀ fi ìhà kan pamọ́ nínú ìtàn Townsend fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń gbèjà Ẹ̀gbá yìí kan náà ni ó tako kí a fi ọmọ Áfíríkà joyè bíṣọ́ọ̀bù. Síbẹ̀, Crowther di bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1864.

Ìfọ́lé àti òpin rẹ̀

Ní ọdún 1865, Glover, aláṣẹ Èkó, rán ọmọ ogun lọ lé àwọn Ẹ̀gbá tó dó ti Ìkòròdú. Ìbínú sí Èkó di ìbínú sí gbogbo òyìnbó. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1867, Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀ ní Abẹ́òkúta: a fọ́ àwọn ilé ìjọsìn, a ba ẹ̀rọ ìtẹ̀wé jẹ́, a sì lé àwọn ajíhìnrere òyìnbó jáde. Ibẹ̀ ni *Ìwé Ìròhìn* parí sí. Townsend kò rí ààyè padà sí Abẹ́òkúta títí di ọdún 1875. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ó fẹ̀yìn tì, ó sì kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1886.

Àgbálọgbábọ̀

Nífẹ̀ẹ́ ìlú kì í ṣe ẹ̀sùn tí a lè kà sí Townsend lọ́rùn. Àléébù ibẹ̀ ni pé ẹni tó wà nínú ẹjọ́ ni ó tún ń ròyìn ẹjọ́ fún aráyé, kò sì sí ẹni tó lè bi í léèrè láàárín àwọn òǹkàwé rẹ̀. Olùkọ́ tó bá mú ìwé ìròyìn wọ kíláàsì lónìí ní ìbéèrè mẹ́ta láti fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀: ta ni ó kọ ọ́, èrè ta ni ó wà níbẹ̀, ohùn ta ni a kò sì gbọ́? Bí wọ́n bá mọ àwọn ìbéèrè yìí bi, ẹ̀kọ́ tó wà nínú ayé Townsend kò ní ṣòfò.