Délé Giwa: Ikú tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ò rí ìdí rẹ̀ dòní

Ọjọ́ Àìkú ni, 19 oṣù Kẹwàá ọdún 1986. Délé Giwa wà nílé rẹ̀ n'Ìkẹjà pẹ̀lú akẹgbẹ́ rẹ̀, Káyọ̀dé Ṣóyínká, tó ti London wá. Ọmọ rẹ̀ gba àpò ìwé kan wọlé fún un, àmì ìjọba sì wà lára rẹ̀. Bó ṣe ní kóun tú u báyìí, bọ́ǹbù dún gbàmù! Wọ́n gbé e dé ọsibítù, àmọ́ ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ẹni ọdún 39 péré. Ṣóyínká kò kú.

Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ti bí i ní 1947, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ekperi, ní ìpínlẹ̀ Edo òní, ni wọ́n ti wá. Ó kàwé ní Brooklyn College l'Amẹ́ríkà, ó ṣiṣẹ́ ní New York Times. Nígbà tó padà dé, ó ṣe Daily Times, ó ṣe Sunday Concord, kí òun àti Ray Ekpu, Dan Agbese pẹ̀lú Yakubu Mohammed tó dá Newswatch sílẹ̀. Ìwé ìròyìn tó máa ń wú ọ̀rọ̀ tigbòǹgbò-tigbòǹgbò ni.

Ó wá ku ẹni tó fi bọ́ǹbù ránṣẹ́. Abubakar Tsav ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó wádìí ẹ̀ l'Ékòó. Bó ti wù kí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ gbọ́n tó, tí kò bá ráyè bi ẹni tó fẹ́ bi, tí kò ráyè yẹ ilé wò, kí ló fẹ́ kọ sínú fáìlì? Ohun tí Tsav sọ pé ojú òun rí nìyẹn. Ó ní òun tọrọ àyè láti fọ̀rọ̀ wá àwọn ọ̀gá òṣìṣẹ́ ààbò kan lẹ́nu wò, àyè ọ̀hún ò yọ.

Gani Fáwẹ̀hìnmí, agbẹjọ́rò Délé, kò gbà. Ó kó ẹ̀rí jọ fúnra rẹ̀, ó ní tí ìjọba ò bá pẹjọ́, òun á pè é. Wọ́n kọ̀ fún un l'Ékòó, ló bá bá a dé Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1987, wọ́n dá a láre pé aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti pe irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Ìdájọ́ ńlá ni o, àmọ́ ẹjọ́ Délé gangan, kóòtù l'Ékòó wọ́gi lé e.

Ní 2001, Ibrahim Babangida tó ń ṣèjọba nígbà ikú náà kò yọjú síwájú ìgbìmọ̀ Oputa. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Abuja pàṣẹ kí wọ́n wádìí ikú àwọn akọ̀ròyìn tí wọ́n pa, ti Délé sì wà níbẹ̀. Gani ti kú ní 2009, Tsav kú ní 2020.