Anna Hinderer, Ìyá Àwọn Ọmọ ní Kúdẹtì

Ẹ̀yin ọmọ Ìkòròdú nílé àti lẹ́yìn odi, obìnrin kan wà tí ó yẹ kí a máa rántí.

Ní 1827 ni a bí Anna Martin ní Norfolk, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ìgbà ọ̀dọ́ ni ó ti ń kó àwọn ọmọ aláìní jọ ní ọjọ́ Ìsinmi láti kọ́ wọn. Ní 1853, òun àti ọkọ rẹ̀, Àlùfáà David Hinderer, dé Ìbàdàn fún iṣẹ́ C.M.S. Ní Kúdẹtì, ó gba àwọn ọmọ sọ́dọ̀, ó ń bọ́ wọn, ó sì ń kọ́ wọn ní ìwé.

Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, ọ̀nà Èkó dí, owó kò wọlé mọ́. Ó ta aṣọ ìbora àti agolo òfìfo kí àwọn ọmọ lè rí jẹ. Ní 1865, ọdún tí a tú ogun Ẹ̀gbá ká lẹ́yìn odi Ìkòròdú wa, ni Glover ti Èkó rán ènìyàn lọ mú un jáde. Ó kú ní 1870. Ṣùgbọ́n Dáníẹ́lì Olúbí ni ó gba àbójútó ìjọ Ìbàdàn.

Nítorí náà, bí ọ̀wọ́n bá dé, ẹ má jẹ́ kí ìpín ọmọ aláìní jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí a ó gé kúrò.